Ìlú Tí Oòrùn Ti Ń Tètè Wọ̀

Láti Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Bàdírù ọmọ mi,

Às-sàlámù àláékúmù. Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Bí ó bá sì bá ọ nídìí oúnjẹ, jẹun tán kí o tó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ó sì lè mú kí ẹran há ọ lọ́fun. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iná ilé ìdáná àwọn òyìnbó kò jó ọ lọ́wọ́? Ọ̀gá rẹ ńkọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, ikọ́ tó ń wú ńkọ́? Àwa níbí wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba. Ìyá rẹ Asimawu ń kí ọ, ìdí òfì ló wà bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí n kí ọ, kí n tún kí ọ, kí n má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tèmi gba gbogbo ìwé tán kí ìkíni òun má baà rí àyè. Àdíját àbúrò rẹ ti bímọ nílé ọkọ rẹ̀ ní Ilaporu, obìnrin ni, imú rẹ gan-an ni ọmọ náà gbé wá sáyé, a sì ń bẹ Ọlọ́run kí ó dá imú náà dúró níbi tó dé. Obì so dáadáa lọ́dún yìí. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, ọyẹ́ kò sì tíì wọlé.

Tíṣà Ernest Akínbọ́lá ti ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá mi kọ ìwé yìí. O mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni òun, ọmọ mọ́sálásí ni èmi, ṣùgbọ́n kálámù rẹ̀ kì í bi ọ̀rọ̀ léèrè ẹ̀sìn tó ń ṣe. Mo ti sọ fún un pé kí ó kọ ohun tí mo bá sọ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kí ó má fọ̀ ọ́, kí ó má lọ̀ ọ́. Ó ti ń mi orí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì bi í ìdí rẹ̀, ẹni tó ń báni ṣe oore a kì í bi í léèrè orí mímì.

Ìwé rẹ dé. Ọláwálé ọlọ́kọ̀ Iwopin ló fi í rán àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà, ó fi ewé kókò wé e kí omi má baà kàn án, ìwé náà sì gbẹ ju ẹni tó gbé e wá lọ. Tíṣà kà á fún wa, ìyá rẹ ní kí ó tún un kà, ó tún un kà, èmi náà wá ní kí ó tún un kà nítorí pé ìyá rẹ kò jẹ́ kí n gbọ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe àmín sí. Ohun tí a gbọ́ nínú rẹ̀ nìyí, kí o lè mọ̀ bóyá ó yé wa. Àyà ń dun ìyàwó ọ̀gá rẹ. Dókítà ní bí ọyẹ́ bá ti dé, kí wọ́n gbé e lọ sí ìlú kan láàárín àwọn òkè ní ilẹ̀ òyìnbó, níbi tí yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀, kí wọ́n sinmi níbẹ̀ títí òtútù yóò fi kọjá. Ìyàwó ọ̀gá rẹ kò sì lè jẹ ọbẹ̀ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí tìrẹ, nítorí náà wọ́n fẹ́ mú ọ lọ. O wá ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wa, o ní bí a bá ní bẹ́ẹ̀ ni, o óò wọ ọkọ̀, bí a bá ní rárá, o óò dúró sí Èkó kí wọ́n wá kúkù mìíràn. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò bọ̀wọ̀ fún ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n sọ gbogbo ohun tí ìwé rẹ dá sílẹ̀ ní ìlú yìí fún ọ.

Àwòrán tí o fi sínú rẹ̀ kọ́kọ́ ná. Kò sí ilé kan ní àdúgbò wa tí àwòrán náà kò wọ̀. Sàláwù ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní òwú ni wọ́n dà sílẹ̀ tí wọ́n ń sá. Ìyá rẹ bi í pé òwú wo ló ga ju igi lọ, ta ni yóò ran irú òwú bẹ́ẹ̀, Sàláwù sì dá àwòrán náà padà fún un. Yìnyín tí àwa mọ̀ ni èyí tó máa ń bá òjò rọ̀, tó máa ń lu ènìyàn lórí, tí àwọn ọmọdé máa ń ṣà jẹ. O ní tiwọn kì í lu ènìyàn, o ní jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń bọ̀ bí òwú àràbà tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri, tí yóò sì máa ga títí yóò fi bo ilẹ̀kùn. Bàdírù, bí ó bá bo ilẹ̀kùn, àwọn tó wà nínú ilé ńkọ́? Gbọ́ tèmi, máa gbé ọkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ bí o bá ń sùn.

Ìkejì ni ti àwọn àgbàlagbà tó jókòó lórí pákó nínú àwòrán náà tí wọ́n ń yọ̀ bọ̀ láti orí òkè. Àwa kọ́kọ́ rò pé ọ̀nà ni kò sí. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé bí wọ́n bá ti yọ̀ dé ìsàlẹ̀, wọn a tún fi ẹsẹ̀ gun òkè náà padà, wọn a tún yọ̀ wálẹ̀, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pé eré ni wọ́n ń fi ṣe, pé wọn kì í ru ohunkóhun lọ, wọn kì í sì í ru ohunkóhun bọ̀. Ọmọ mi, wọ́n ń tàn ọ́. Àgbà kì í gun òkè lọ́wọ́ òfo kí ó tún un gùn. Ohun kan wà lórí òkè yẹn tí wọ́n ń kó bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí àlejò mọ̀. Bí o bá débẹ̀, fi ọgbọ́n wo àpò wọn. Sàláwù ní àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ obì.

Ó sì tún ṣòro fún wa láti mọ irú ìsinmi tí wọ́n ń lọ ṣe nínú òtútù. Níbí, ẹni tó fẹ́ sinmi a wá abẹ́ igi tó dára, a nà sórí ẹní, a sì ní kí àwọn ọmọ má pariwo. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé oko ni wọ́n ń lọ. Bí àwa náà ti ń ti ilẹ̀kùn ilé pa tí a ń kó lọ sí abúlé oko nígbà iṣẹ́ ni, ọ̀gá rẹ ti ní oko yìnyín lórí òkè náà láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ojú ló ń tì í láti sọ pé àgbẹ̀ ni òun. Sọ fún un pé kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ti igi dígí tí o ní wọ́n kàn mọ́ ògiri tí ó máa ń sọ bí òtútù ti tó, ìyẹn ni n kò lè gbà. Ènìyàn yóò dúró nínú òtútù, eyín rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò tún lọ bi ògiri léèrè bóyá òtútù ń mú òun. Àti pé o ní àpótí irin kan wà nínú yàrá tí wọ́n ń sùn tí iná ń jó nínú rẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Gbé ìkòkò omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwọ náà kò ṣàì mọ bí ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe jó.

Ó dára. Gbogbo èyí kò gbé mi dìde lórí ìjókòó. Ohun tó gbé mi dìde ni gbólóhùn kékeré kan tí o fi sí ìparí, bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan. O ní ọ̀gá rẹ sọ fún ọ pé lásìkò òtútù náà, oòrùn ìlú yẹn kì í tètè yọ, bí ó bá sì yọ, kì í pẹ́ tó fi ń wọ̀, pé bí ènìyàn bá fi ojú kan ọ̀sán báyìí, ilẹ̀ ti ṣú. Mo ní kí Tíṣà dúró. Mo ní kí ó ka ibẹ̀ yẹn nìkan. Mo bi í pé oṣù wo. Ó ní oṣù yìí sí oṣù yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò oṣù tiwa mọ́ tiwọn lórí ìka, Bàdírù, mo sì rí i pé àárín àkókò yẹn gan-an ni oṣù Ààwẹ̀ yóò bọ́ sí.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti gba ẹ̀sìn, n kò pa ààwẹ̀ kan jẹ rí, àfi lọ́dún tó kọjá. A kò kọ gbogbo rẹ̀ sí ọ. Nígbà tí oṣù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, oòrùn gbé mi ṣubú lójú ọ̀nà. Ìgbà tí mo máa lajú, omi ni mo bá lẹ́nu mi, ìyá rẹ ló dà á sí i. Láti ọjọ́ náà ni Lèmọ́mù Bashiru ti ní kí n má gba ààwẹ̀ mọ́, ó ní àgbà tí ara rẹ̀ kò gbé e, kí ó máa bọ́ tálákà dípò rẹ̀. Ta ni wọ́n wá rí ní tálákà fún mi? Sàláwù! Sàláwù tí mo bá dàgbà, tí mo mọ àwọn ìgbà tó gbé ẹja mi. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni yóò fọwọ́, yóò jókòó, yóò ní ọbẹ̀ kò ní iyọ̀ tó, yóò ní ẹja òní kéré sí ti àná, yóò wá ṣàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí n tún ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀míì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ kí oṣù tó parí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń kí àwọn aláàwẹ̀, èmi a máa wo ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń tọrọ báyìí kí n tó kú ni pé kí n tún gba ààwẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ebi kò sì bá mi jà rárá. Òǹgbẹ ni, òǹgbẹ tó ń dé lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, nígbà tí oòrùn bá dúró sójú kan tí kò fẹ́ lọ.

Ìwọ wá wo ìlú yìí tí ọ̀gá rẹ ń lọ. Ọjọ́ kò gùn. Oòrùn kò mú. Omi gan-an ló dì sí ilẹ̀, òǹgbẹ wo ni yóò wá ráyè níbẹ̀? Mo ní Ọlọ́run ló dá ìlú náà fún àwọn aláàwẹ̀ tó ti dàgbà, àwọn òyìnbó ni kò mọ ohun tí wọ́n ní. Tíṣà fi agogo rẹ̀ hàn mí, ó fi ìka sí ibi tí oòrùn ti máa ń yọ níbẹ̀ àti ibi tó ti máa ń wọ̀, àyè tó wà láàárín rẹ̀ kò tó kí ìyá rẹ hun aṣọ ìró kan dé ìdajì. Mo dì mọ́ Tíṣà. Ó ní mo tẹ agogo òun.

N kò lè dá irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ, bí a ti kírun Jímọ̀ tán ni mo dìde ní mọ́sálásí tí mo sì sọ níwájú gbogbo wọn pé mo fẹ́ bá ọ lọ gba ààwẹ̀ níbẹ̀. Lèmọ́mù yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó wá ní arìnrìn-àjò tó kàn ń kọjá lọ lè fi ààwẹ̀ sílẹ̀ kó san án padà nílé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́ ẹní sí ìlú kan tó ń gbé ibẹ̀, ọjọ́ ìlú náà ni yóò fi gba ààwẹ̀, bí Ọlọ́run bá sì ti gé e kúrú, kúrú náà ni. Gbogbo àwọn arúgbó tó wà ní sàfú àkọ́kọ́, ní ìlà iwájú, ló ké Àlùhámúdùlílàhì. Ẹnì kan bèèrè pé bí òkè bá gbé oòrùn mì kí ó tó wọ̀ ńkọ́? Lèmọ́mù ní òjìji òkè kì í ṣe Màgàríbà, kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ ṣe sùúrù kí ilẹ̀ ṣú dáadáa. Sàláwù sọ sí mi létí pé kí a ṣáà débẹ̀ ná. Ẹlòmíràn bèèrè bóyá a lè fi yìnyín ṣe àlùwàlá. Ìyẹn fa àríyànjiyàn, àwọn kan ní omi ni, àwọn kan ní bí ó bá ti lè dúró lórí igi, kì í ṣe omi mọ́, erùpẹ̀ ni. Lèmọ́mù ní kí wọ́n yọ́ ọ lórí iná. Ládàánì wa ló yọ̀ jù, ó gbọ́ pé bí ènìyàn bá kígbe láàárín àwọn òkè, òkè yóò dá a lóhùn. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń pe ìrun ní ìlú yìí, kò sí ẹni tó dá òun lóhùn kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

Kí n tó délé, àwọn tó fẹ́ bá mi lọ ti kún ìlóro wa. Sàláwù ló kọ́kọ́ débẹ̀. Mo bi í pé kí lòun ń wá lọ, òun tí ara rẹ̀ le, tó ń gba ààwẹ̀ níbí láìrojú. Ó ní bí mo bá lọ nìkan tí mo sì tún ṣubú, níbo ni n óò ti rí tálákà láàárín àwọn òyìnbó? Èmi náà rí i pé òótọ́ wà níbẹ̀. A wá jókòó ṣètò. A óò fi ẹsẹ̀ rìn dé Iwopin, Ọláwálé yóò gbé wa kọjá ọ̀sà, ìwọ àti ọ̀gá rẹ yóò wá pàdé wa létí omi ní Èkó. Ẹ má ṣe wàhálà nítorí wa nínú ọkọ̀ ńlá náà, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí tó fún wa. A ti yan gàrí, ẹja gbígbẹ àti òrí fún ara tó bá ń là. Epo pupa ni a ò tíì mọ bí a óò ti ṣe é, bí ọyẹ́ ilé wa bá lè mú un dì, ti ibẹ̀ yóò sọ ọ́ di òkúta, Sàláwù ní òun óò máa gbé e sí abíyá. Mo kó obì tó dára sọ́tọ̀ fún baálẹ̀ òkè náà, a kì í dédé wọ ìlú onílùú kí a má kí i. Bèèrè orúkọ rẹ̀. A fẹ́ mú àkùkọ kan dání tí yóò máa jí wa sí sààrì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wá pé bí oòrùn ibẹ̀ kì í bá tètè yọ, àkùkọ náà yóò dúró títí, yóò rò pé òun ti ya dìndìnrìn, kò ní kọ mọ́ láé.

Ní gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ, aṣọ ni ìyá rẹ ń hun. Láti ọjọ́ tí Tíṣà ti ka ìwé rẹ ló ti jókòó sídìí òfì, kíjìpá ló ń hun, ó so okùn pọ̀ ní méjì méjì kí ó lè nípọn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn. Mo ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹ wo aya rere, kò wí, kò fọ̀, aṣọ òtútù ọkọ rẹ̀ ló ń hun. Ó parí rẹ̀, ó rán an, mo sì gbé e wọ̀ níwájú Sàláwù àti àwọn yòókù. Bàdírù, aṣọ náà wọ́ nílẹ̀. Apá rẹ̀ bo ọwọ́ mi tán. Sàláwù ní òun ń gbọ́ ohùn mi ṣùgbọ́n òun kò rí mi mọ́. Mo ní kí ìyá rẹ gé e, ó kọ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ gé níbẹ̀, ó ní òun kò hun ún fún mi, ìwọ ni òun hun ún fún, òun kò sì tíì gbàgbé gígùn ọmọ òun.

Mo bi í pé èmi tí mò ń lọ ńkọ́. Ó dúró títí àwọn ènìyàn fi jáde tán, ó wá jókòó tì mí, ó ní, “Bàbá Bàdírù, kì í ṣe oòrùn ló gbé yín ṣubú lọ́dún tó kọjá. Ọ̀nà ọmọ yín lẹ ń wò.”

N kò fẹ́ kí o gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti ní bí n kò bá fi í sínú ìwé, òun óò ní kí Tíṣà kọ tòun lọ́tọ̀. Gbogbo ọdún ni o máa ń wá bá wa gba ààwẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ tí a ń retí rẹ ni àwọn ọlọ́jà dé tí wọ́n ní ọkọ̀ kan dojú dé lórí ọ̀sà, pé wọn kò mọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Èmi kò lè jókòó. Bí mo bá ti kírun Ayílà tán, mo ti wà lójú ọ̀nà Iwopin, n kò dé fìlà, n kò dúró lábẹ́ igi, nítorí pé ẹni tó bá wà lábẹ́ igi kò lè rí ọ̀nà dé òkèèrè. Gbogbo ẹni tó bá gbé ẹrù kọjá ni mò ń bi. Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ṣubú sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ tí o rán dé, pé ọ̀gá rẹ ni kò fún ọ láyè, pé o kò tilẹ̀ wọ ọkọ̀ rárá. Ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀ mọ́ títí oṣù fi parí.

Ìyá rẹ ní kò sí bí ọjọ́ ti lè kúrú tó tí kò ní gùn lójú ẹni tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Ó ní bí mo bá tẹ̀lé ọ lọ sórí òkè, ilé tí ìwọ yóò padà wá sí ńkọ́, òun nìkan ni yóò wà ní ìlóro bí? Mo bínú. Mo lọ sọ́dọ̀ Sàláwù láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, Sàláwù sì ní òótọ́ ni ìyàwó mi sọ, ó ní òun náà kàn ń bá mi di ẹrù ni kí n má baà dá nìkan lọ kú sí ìlú tí kò sí ẹni tí yóò bá mi jà. Ó dùn mí, ó sì wọ̀ mí lára. Mo ti kó obì baálẹ̀ padà sínú agbọ̀n. Mo ti sọ fún àwọn ará mọ́sálásí pé ìrìn àjò ti yẹ̀, ládàánì ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù, ó ní òkè yóò wà níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò pè é.

Ìdáhùn wa nìyí o: lọ. Èmi bàbá rẹ ní kí o lọ, ìyá rẹ ní kí o lọ. Lọ tọ́jú aláìsàn náà, lọ wo yìnyín tó ga ju ilẹ̀kùn, lọ gbọ́ bí òkè ṣe ń dáhùn, kí o sì yọ̀ lórí pákó náà lẹ́ẹ̀kan fún mi, bí kò bá sí ẹni tó ń wò ọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí wa kí o tó wọ ọkọ̀, kọ̀wé bí o bá sọ̀kalẹ̀, kọ̀wé bí o bá gun òkè dé ilé, kí n má tún gbọ́ ìròyìn rẹ lẹ́nu ọlọ́jà mọ́. Fi aṣọ tí ìyá rẹ hun, tí Ọláwálé yóò gbé wá bá ọ, sí abẹ́ aṣọ òyìnbó, kí ó kàn ọ́ lára. Bí o bá rí owó díẹ̀, fi í rán Ọláwálé kí ó bá wa ra èso dàbínù àti ṣúgà fún ìṣínu, mo sì tún fẹ́ fìlà tuntun nítorí oòrùn. Sàláwù ní kí o fi ti ẹja kún un. N kò pè é wá jẹun lọ́dún yìí o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Tíṣà ní kí n fi itọ́ lẹ sítáǹbù tí àwòrán ọbabìnrin wà lórí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé yìí. Mo ní èèwọ̀, èmi kì í tutọ́ sí ọba lẹ́yìn. Ẹ̀kọ tútù ni mo fi lẹ̀ ẹ́, bí ó bá ṣí kúrò, bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́run tó ni òkè tó ni ọ̀sà yóò mú ọ lọ, yóò sì mú ọ bọ̀. Omi kò ní gbé ọ, òtútù kò ní jẹ ọ́ níka, ọbẹ̀ rẹ yóò máa dùn lẹ́nu ẹni tó ń jẹ ẹ́, aláìsàn tí o sìn lọ yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀. Bí ojú wa ti ń wo ọ̀nà, ojú wa yóò rí ọ. Àmín.

Ó ku ohun kan. Mo ti pinnu, n óò gba ààwẹ̀ ọdún yìí níbí, Lèmọ́mù ní kí n dán an wò bí ọkàn mi bá ti balẹ̀. Mo bi í bóyá ọmọ lè bá bàbá rẹ̀ tó wà láàyè gba ààwẹ̀, ó ní rárá, kálukú ló ń gba tirẹ̀. Mo wá bi í bóyá ọmọ lè bá bàbá rẹ̀ ṣínu. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn, mo sì gbà pé kò sọ pé rárá. Nítorí náà, oòrùn tìrẹ yóò ti wọ̀ nígbà tí tiwa ṣì wà lókè. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú fún ọ, má dúró dè mí. Bu omi, mu ún dáadáa, kí o sì ní, Bàbá, mo ti mu. Èmi yóò wà ní ìlóro pẹ̀lú ìyá rẹ, ọ̀fun mi yóò ti gbẹ, n óò sì sọ fún un pé Bàdírù ti mu omi báyìí. Ìyẹn yóò gbé mi dé Màgàríbà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fàsásì